Gíláàsì mẹ́ta, Bàbá ò sì tíì lè kàwé: ìbéèrè yín lórí Parkinson àti ojú

Látìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Parkinson nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ ojú ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń kọ ránṣẹ́, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ọwọ́ gbígbọ̀n àti ẹsẹ̀ wíwọ́ nìkan ni àìsàn yẹn ń fà. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀ dáhùn. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ẹni tó bá yé á rọrùn fún un láti gbọ́ ìyókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá wa, ọdún kẹrin rèé tí dókítà ti sọ pé Parkinson ló ń ṣe wọ́n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, oògùn ti ń bá wa mú un díẹ̀. Ìwé kíkà ló wá di wàhálà báyìí. Tí wọ́n bá ṣí Bíbélì, wọ́n á ka ìlà kan tán, wọ́n á tún padà sórí ìlà yẹn náà, ìgbà míì wọ́n á fo ìlà méjì, wọ́n á ní lẹ́tà ń di méjì méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe gíláàsì fún wọn, àwọn tó ń ṣe gíláàsì sì ń sọ pé kò sí nǹkan, pé wọ́n ka bọ́ọ̀dù yẹn dé ìsàlẹ̀. Màmá wa ti wá ń sọ pé àwọn ará ilé ló mọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn lójú. Kí la fẹ́ ṣe? — Àbígbẹ̀yìn Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun. Ohun tí ẹ kọ yìí bá ohun tí Parkinson máa ń ṣe mu gan-an. Ẹni tó ṣe gíláàsì lè má jẹ̀bi rárá, Bàbá náà ò sì ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ẹ wò ó, ìwé kíkà ju kí ojú ríran lọ. Bí ẹ ṣe ń ka ìlà yìí, ojú yín ò rọra yọ́ lọ lórí ẹ̀ bí ẹ ṣe rò, ṣe ló ń fò. Á bà lé ọ̀rọ̀ kan, á dúró fún nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún fò sórí òmíràn. Ìdí ni pé ibi tó lè dá lẹ́tà kéékèèké mọ̀ nínú ẹyinjú kò fẹ̀ rárá, ojú sì gbọ́dọ̀ gbé ibi kékeré yẹn ka orí ọ̀rọ̀ náà gan-an kó tó lè kà á. Tó bá wá dé òpin ìlà, ó di dandan kó fò jìnnà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, ìyẹn ló gùn jù nínú gbogbo fífò tó ń fò, ojú méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ jọ fò kí wọ́n jọ bà síbì kan náà.

Ọpọlọ ló ń pàṣẹ gbogbo ẹ̀. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó dúdú díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ń ṣe kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú Parkinson, kí àìsàn náà sì tó fojú hàn síta, ọ̀pọ̀ wọn á ti lọ. Tí dopamine bá dín kù, ọpọlọ ò ní tètè dá ara sílẹ̀ láti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ìgbésẹ̀ á kúrú, ìkọ̀wé á kéré (ẹ wá ìwé tí Bàbá kọ ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ó rí i), ohùn á lọ sílẹ̀. Ojú náà ò yọ sílẹ̀. Ó ń pẹ́ kó tó fò, nígbà tó bá sì fò kò ní dé ibi tó ń lọ, bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà lẹ́ẹ̀kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ já sáàárín, tó wá ń wá bó ṣe máa fi ìgbésẹ̀ kékeré méjì mẹ́ta gòkè. Ẹ wá ro ìyẹn mọ́ òpin ìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ojú Bàbá fẹ́ fò padà síbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, kò dé bẹ̀, ó bà sáàárín, tàbí ó padà bà sórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Ìlà tó ń sọnù nìyẹn.

Ẹ lè fojú ara yín rí i nílé. Ẹ jókòó kojú sí Bàbá, ẹ na bírò méjì sókè, pupa lọ́wọ́ kan, búlúù lọ́wọ́ kejì, kí ọwọ́ yín ya síra ju èjìká Bàbá lọ díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má yí orí o, ojú nìkan ni kó lọ. Ẹ máa pè é: pupa, búlúù, pupa. Ẹ má wo bírò, ẹyinjú Bàbá ni kí ẹ tẹjú mọ́. Lára ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ni ojú á lọ tí á sì dúró gbọnin. Lára ẹni tó ní Parkinson, ẹ ó rí i tí á lọ, á dúró lójú ọ̀nà, á tún ta pọ́ún díẹ̀, ìgbà míì á tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dé orí bírò. Tí ẹ bá wá mú bírò kan, tí ẹ rọra ń gbé e lọ láti òsì sí ọ̀tún kí wọ́n fi ojú tẹ̀ lé e, ojú náà á máa ta kàtì kàtì lẹ́yìn ẹ̀ dípò kó máa yọ́ lọ.

Ó ku ti lẹ́tà tó ń di méjì. Tí a bá fẹ́ wo nǹkan tó sún mọ́ wa, ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ yí wọlé díẹ̀ sápá imú. Parkinson máa ń sọ èyí di iṣẹ́ ńlá. Tí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lókèèrè, nǹkan dá ṣáká, tí wọ́n bá mú ìwé, ó di méjì, ìyẹn sì ni bọ́ọ̀dù àwọn onígíláàsì ò ṣe lè fi hàn, torí òkèèrè ni bọ́ọ̀dù wà, lẹ́tà rẹ̀ dúró sójú kan, ojú kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n máa ń bò kí wọ́n tó kà á. Bàbá ríran dáadáa lóòótọ́. Bí ojú méjèèjì ṣe ń jọ ṣiṣẹ́ nítòsí ni kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí. Nígbà tí lẹ́tà bá di méjì, ẹ fọwọ́ bo ojú kan fún Bàbá, lẹ́yìn náà ẹ bo ìkejì. Tó bá di ọ̀kan ní gbàrà tí ẹ bo ojú kan, èyíkéyìí tí ẹ ì báà bò, a jẹ́ pé ojú méjèèjì ni kò pàdé. Tó bá ṣì ń di méjì bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ojú kan ṣoṣo wò ó, ẹ wá ìdí ẹ̀ lára ojú yẹn fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ kátáráàtì, ó lè jẹ́ ojú tó gbẹ, ó lè jẹ́ gíláàsì tí kò bá a mu. Ẹ kọ èsì yẹn sílẹ̀, ẹ mú un lọ fún dókítà ojú, kó sì jẹ́ dókítà ojú gan-an o, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù gíláàsì. Ẹ sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà pé Parkinson ń ṣe Bàbá, kó bá yín wo bí ojú méjèèjì ṣe ń pàdé nítòsí. Gíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní prism, tó máa ń bá ojú tí kò pàdé gbé àwòrán méjèèjì sórí ara wọn, ó máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ sì ní kí wọ́n ya gíláàsì ìwé kíkà sọ́tọ̀, kí ti rírìn máa wà lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n pín sí méjì yẹn, bífókà, apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ rí bàìbàì lójú ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì dúró dáadáa tẹ́lẹ̀ á kàn ré lulẹ̀ ni.

Nílé, ẹ fi rúlà tàbí páálí dúdú tẹ́ abẹ́ ìlà tí wọ́n ń kà, kí wọ́n máa sún un wálẹ̀. Ẹ ra Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà. Ẹ jẹ́ kí iná ti ẹ̀yìn èjìká wá bọ́ sórí ìwé, torí Parkinson tún máa ń jẹ́ kó ṣòro láti dá dúdú mọ̀ lára eérú, ìwé tí yíǹkì ẹ̀ ti ṣá ò ṣeé kà fún wọn rárá. Ẹ sì fi ìwé kíkà sí àsìkò tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, fún ọ̀pọ̀ èèyàn ó máa ń tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá lo levodopa, ìyẹn oògùn Parkinson tó ń di dopamine nínú ọpọlọ. Kí wọ́n lò ó ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà máa ń bá oògùn yẹn du ọ̀nà wọ inú ara. Levodopa máa ń ran ojú lọ́wọ́ lára àwọn kan, lára àwọn míì kò ní ṣe púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́ tí ọwọ́ bá dáa ju ojú lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹ má bá wọn jà, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé láti 1817 ni dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń jẹ́ James Parkinson ti kọ ìwé nípa àìsàn yìí, lórí èèyàn mẹ́fà, ojú títì ló ti pàdé àwọn kan nínú wọn. Muhammad Ali tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, 1984 ni wọ́n sọ fún un, ayé sì rí ọwọ́ ẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà tó tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Ará ilé wo ló ṣe é fún àwọn yẹn? Àwa aláwọ̀ dúdú náà ní tiwa nínú ẹ̀: ní 2023, àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn gbé e jáde pé ìyàtọ̀ kan wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní GBA1, tó wọ́pọ̀ lára àwa ọmọ Áfíríkà tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára òyìnbó, tó ń mú kí Parkinson lè tètè ráyè ṣe èèyàn. Wọ́n wá a débi pé wọ́n mọ ibi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí ẹni tí ẹ bá fẹ̀sùn kàn nínú mọ̀lẹ́bí, ọgbẹ́ yẹn kì í tètè jinná.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi kì í ṣẹ́jú mọ́. Á kàn ranjú mọ́ èèyàn, ojú ẹ̀ le koko, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bi mí pé kí làwọn ṣe fún un. Omi sì ń dà lójú ẹ̀ lọ́sàn-án lóru, ó ní bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. — Ìyàwó ilé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe máa ń ṣẹ́jú tó bí ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún sí ogún láàárín ìṣẹ́jú kan, kò tiẹ̀ ní mọ̀. Parkinson lè já a wálẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mélòó kan péré. Ìpéǹpéjú ló sì máa ń fi omi ra ojú, tí kò bá pa dé, ojú á gbẹ, tó bá gbẹ á máa ta, ara á wá máa da omi jáde láti fi gbà á là, ìdí nìyẹn tí ojú tó gbẹ fi ń da omi. Ẹ ra omi ojú tí wọ́n ń pè ní artificial tears ní kẹ́míìsì, kó máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gbé ojú ẹ̀ tó bá dijú láàárọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i lójú ní tààrà. Ẹ jẹ́ kó máa rántí pa ojú dé pátápátá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ń kàwé tàbí tó ń wo fóònù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kan ìtọ̀ sí i lójú, ẹ má kan omi ṣúgà, ẹ má kan àgbo kankan. Ẹ má sì ra dúrọ́ọ̀pù tó ní steroid nínú láìsí ìwé dókítà, ó máa ń tu ojú lára lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, èèyàn á sì máa lò ó lọ títí á fi gbé glaucoma wọlé, àìsàn tó ń fọ́ èèyàn lójú díẹ̀díẹ̀, mo ti rí èèyàn tí ojú ẹ̀ lọ báyẹn. Tó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀ tún máa ń di pa fúnra ẹ̀ tí kò sì lè là á, ẹ sọ fún dókítà, abẹ́rẹ́ Botox wà tí wọ́n ń gún sí iṣan ìpéǹpéjú fún ìyẹn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ fún wọn gbangba. Iṣan ojú ẹ̀ ni kì í tètè mì, inú ẹ̀ ò le sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ á jókòó tì í, á sì bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ló máa ń sá fún un, sísá yẹn sì máa ń dun aláìsàn ju àìsàn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni èmi àti màmá mi wà. Wọ́n ní Parkinson ni, ṣùgbọ́n láti ọdún àkọ́kọ́ ni Màmá ti ń ṣubú, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń ṣubú sí. Levodopa ò ṣe nǹkan kan. Oúnjẹ ń dà sí wọn láṣọ torí wọn ò wo abọ́, wọn ò kí ń rí àtẹ̀gùn tó wà níwájú ẹsẹ̀ wọn. — Ọmọ Màmá, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí falẹ̀. Ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, kéèyàn máa ṣubú sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oògùn má ràn án, kí ojú má lè wo ìsàlẹ̀, tí wọ́n bá pé jọ, ó yẹ kí dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àìsàn míì tó fara jọ Parkinson ni, èyí tí wọ́n ń pè ní PSP. Àwọn dókítà mẹ́ta, Steele, Richardson àti Olszewski, ló ṣàlàyé ẹ̀ fún ayé láti Toronto ní 1964. Èmi ò lè sọ láti ibi tí mo jókòó sí pé òun ni, ẹ gbọ́ o.

Ohun tó máa ń ya á sọ́tọ̀ ni ìsàlẹ̀ yẹn. Nínú Parkinson, ojú á máa lọ, á kàn kúrú ni, àgbàlagbà tí kò tiẹ̀ sí nǹkan tó ń ṣe lè má fi bẹ́ẹ̀ lè wo òkè mọ́, ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò lè wo ìsàlẹ̀ ló ń bani lẹ́rù. Dókítà á ní kí Màmá tẹjú mọ́ nǹkan níwájú, á wá rọra gbé orí wọn sókè. Tí ẹyinjú bá lọ sísàlẹ̀ nígbà yẹn, tí kò sì lè lọ tí wọ́n bá kàn ní kí wọ́n wò ó, a jẹ́ pé iṣan ojú ò bàjẹ́, àṣẹ tó ń ti ọpọlọ wá ni ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ ní kí GP, ìyẹn dókítà ìdílé yín, tún kọ̀wé sí neurologist, ìyẹn dókítà ọpọlọ, ẹ fi fóònù ká bí Màmá ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń jẹun, ẹ mú un lọ. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn tó ní PSP, PSPA ni wọ́n ń pè é, ẹ kàn sí wọn. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ sókè lórí nǹkan kó lè wà ní ọ̀kánkán ojú, ẹ kó rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, ẹ lẹ téèpù aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, tí Màmá bá sì ń ṣe họ́kọ́ tí wọ́n bá ń mu omi, ẹ sọ ìyẹn náà kíákíá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní wèrèpè ń wo Parkinson, pé kí n máa lọ èso ẹ̀ fún bàbá mi mọ́ oògùn ọsibítù. Bàbá ti wá ń rí àwọn ọmọdé tí kò sí nínú ilé lálaalẹ́. — Ọ̀kùnrin kan, Òǹdó.

ÌDÁHÙN: Ẹni yẹn ò parọ́ tán. Levodopa wà nínú èso wèrèpè lóòótọ́, òun náà ló wà nínú oògùn ọsibítù. Wàhálà ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan, ti oko yìí lè lágbára ju ti oko kejì lọ, tí ẹ bá sì lọ̀ ọ́ mọ́ oògùn, ó ti di ìlọ́po. Èyí tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ara máa jó fúnra ẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn máa rí ohun tí kò sí. Tí ẹ bá ti ń fún wọn, ẹ dá wèrèpè dúró, ẹ sì sọ fún dókítà. Oògùn ọsibítù ni kí ẹ má já lójijì o, jíjá a lójijì lè sọ ara di igi, kó gbé ibà ńlá wá, kó sì pààyàn.

Àwọn ọmọdé yẹn, ẹ bi dókítà bóyá benzhexol wà nínú oògùn wọn, àwọn kan mọ̀ ọ́n sí Artane. Ó máa ń da orí àgbàlagbà rú, ó máa ń jẹ́ kí ìwé kíkà ṣú lójú, kò sì dáa fún irú glaucoma kan rárá. Ẹ tan iná sí yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ojú tí kò ríran kedere ló ń fi aṣọ tó gbé kọ́ ṣe èèyàn. Tí wọ́n bá sì rí wọn, ẹ má jiyàn, ẹ kàn sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé ẹ̀yin ò rí ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ mú wọn kúrò ní yàrá yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, fún wọn, ó máa sọ Parkinson yẹn di ńlá. Plasil tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bì náà, kò dáa fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹni tó ní Parkinson ṣì lè wa mọ́tò? — Awakọ̀, Ìkẹjà.

ÌDÁHÙN: Àwọn kan ṣì lè wà á, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ gbọ́dọ̀ wo iwájú, kó wo díńgí, kó wo ẹni tó ń sáré kọjá títì, kó padà síwájú, gbogbo ẹ̀ kíákíá, ojú tó ń pẹ́ kó tó fò ló sì máa ń pàdánù ọlọ́kadà tó yọ lójijì. Tí nǹkan bá ti ń di méjì lójú yín, tí ẹ bá ti ń họ mọ́tò mọ́ géètì tí ẹ ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí oògùn yín ń mú yín sùn lójijì, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí dókítà ọpọlọ àti dókítà ojú á fi yẹ̀ yín wò. Àwọn méjèèjì wà ní ọsibítù LUTH ní Èkó, wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn, wọ́n sì wà ní ọsibítù Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò àti àsìkò tí ẹ ń lò ó sórí ìwé kan kí ẹ tó lọ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè nìyẹn.